Etí Ta Ni Wọ́n Fi Wọn Íápíìsì Olówó Ńlá Wọ̀nyí?

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀ràn náà kò tíì tán láàrin òun àti àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọkùnrin yìí ti ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀: àwọn tí ń ki oríkì, àwọn tí ń sun rárà, àti àwọn onídùndún tí ń fi ìyáálù sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò tán ní alẹ́, yóò fi íápíìsì sí etí, yóò sì máa kọ ohun tí ó ń gbọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.

Ìdílé kan ní kí ó bá àwọn kọ oríkì wọn sínú ìwé. Arúgbó tí ó ki oríkì náà ti di olóògbé. Ní ibì kan nínú rẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ baba ńlá wọn tí ó lọ sí ojú ìjà. Olùkọ́ wa gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ pé baba náà "sá ogun". Nígbà tí àwọn àgbà ilé ka ìwé náà, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní baba àwọn kò sá ogun rí láyé. Wọ́n ní ó "ṣá ogun" ni, bí ẹni tí ń fi àdá ṣá igbó. Ẹ wo ohun tí ó wà láàrin ojo àti akọni: àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà kan! Olùkọ́ náà tún un gbọ́ títí ó fi sú u, kò sì lè búra sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Íápíìsì tí ó ń lò ni èyí tí wọ́n fi ṣe èènì fún un nígbà tí ó ra fóònù. Ó kọ̀wé sí wa pé òun ti tu owó díẹ̀ jọ. Èwo ni kí òun rà nínú àwọn íápíìsì olówó ńlá tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀ kiri, èyí tí yóò sọ òtítọ́ fún òun, tí kò sì ní í máa dun òun létí bí òun bá lò ó fún wákàtí mẹ́rin ní òru?

À bá ti fi lẹ́tà dá a lóhùn kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó títí, a rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti olùkọ́ yìí nìkan. Gbogbo wa ni a ń fi ẹnu sọ pé àṣà wa kò gbọdọ̀ parun. Gbogbo wa ni a ń na fóònù sí ẹnu àwọn arúgbó ní ibi ìsìnkú àti ní ibi ìgbéyàwó. Ta ni ń jókòó gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀ lẹ́yìn èyí, kí ni ó sì fi ń gbọ́ ọ? Nítorí náà ni a ṣe yá mẹ́ta nínú àwọn íápíìsì tí orúkọ wọn ti délé dóko lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí a sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbọ́ wọn.

Èkíní ni ER4SR ti ilé iṣẹ́ Etymotic ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1991 ni àkọ́bí ìdílé ER4 jáde. Èyí tí a gbọ́ yìí jáde ní 2016. Èkejì ni SE846 ti Shure, Illinois kan náà, tí ó jáde ní 2013. Ẹ̀kẹta ni IE 900 ti Sennheiser, ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì, tí ó jáde ní 2021. Inú ihò etí ni a ń ki gbogbo wọn bọ̀. Wọn kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé kọ́ orí.

Kí á tó sọ bí wọ́n ṣe ń dún, ó yẹ kí á ṣí inú wọn wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ohun tí kò mọ inú rẹ̀ ṣe fáàrí. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe wọ́n. Nínú ọ̀nà kìíní, wọ́n lẹ wáyà ká mọ́ awọ pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì gbé e sí iwájú òòfà. Bí iná orin bá gba inú wáyà náà kọjá, òòfà yóò máa fà á, yóò sì máa tì í, awọ náà yóò sì máa gbọ̀n. Ọmọ Àyàn tí ó bá rí i kò ní í béèrè àlàyé púpọ̀: ìlù ni, àfi pé iná ni ó ń lù ú dípò ọ̀pá. IE 900 ní ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ nínú etí kọ̀ọ̀kan, ìbú rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 7 lọ.

Ọ̀nà kejì ṣe àjèjì díẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí eyín òòyà, ni ó wà láàrin òòfà méjì, wáyà ká sì yí i ká. Bí iná bá dé, irin náà yóò máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀pá tíntín kan yóò sì gbé fífì rẹ̀ lọ bá awọ kékeré kan. Irú ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Òun ni Nathaniel Baldwin ti Utah lò sínú àwọn ẹ̀rọ agbóhùn tí ó ṣe ní ilé ìdáná rẹ̀, tí ó sì tà fún àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1910. Lẹ́yìn náà ni ó di ti àwọn adití, nínú ẹ̀rọ kékeré tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbọ́ràn. ER4 ní ẹyọ kan nínú etí kọ̀ọ̀kan. SE846 ní mẹ́rin, ó sì fi àwọn awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí dí ohùn òkè mọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹlẹ́rọ mẹ́rin dára ju ẹlẹ́rọ kan lọ. Bí ọ̀pọ̀ onílù bá wà lágbo tí wọn kò gbọ́ ara wọn, ẹni kan tí ó mọ ìlù í lù sàn jù wọ́n lọ.

A gbé àwo Drums of Passion sí i, èyí tí Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò ní ẹ̀bá Àgbádárìgì, ṣe ní Amẹ́ríkà, tí Columbia sì gbé jáde ní 1960. A gbé Juju Music ti Sunny Adé sí i, tí Island gbé jáde ní 1982. A sì gbé ohùn àwọn ènìyàn lásán tí ń sọ̀rọ̀ sí i, nítorí ti olùkọ́ wa.

ER4SR kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Bí akọrin bá mí, a ó gbọ́ ibi tí ó ti mí. Bí ohùn rẹ̀ bá há díẹ̀, kò ní í bò ó láṣìírí. Ọ̀rọ̀ ẹnu dúró gedegbe níwájú wa bí ẹni tí ó jókòó sórí àga. Ṣùgbọ́n ìlù ńlá inú àwo Olatunji, tí ó yẹ kí ó mi àyà ẹni, ńṣe ni ó kàn wá kan ilẹ̀kùn, kò wọlé. SE846 ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó tẹ́ ẹní, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Adùn rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ gbígbóná ní àárọ̀ òjò. Gìtá Sunny Adé ń fà bí oyin, kò sì sí ohun tí ń gún ni létí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dún bí èyí tí a fi aṣọ òkè bò. Ẹ̀rọ náà ní ẹnu mẹ́ta tí a lè máa pààrọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń mú ohùn òkè mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀, aṣọ òkè náà di aṣọ òfì fẹ́lẹ́, kò kúrò pátápátá.

Ní ti IE 900, gbogbo nǹkan tóbi nínú rẹ̀: ìsàlẹ̀ jìn, òkè ń dán, àwọn onílù sì jókòó káàkiri bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ni a wà. Alẹ́ ọjọ́ kìíní, a kò fẹ́ yọ ọ́ kúrò létí. Ní ọjọ́ kejì tí a fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu fún wákàtí kan gbáko, S inú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hàn ju bí ó ti yẹ lọ ní etí tiwa. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ kí ó má rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Bí a bá ní kí á jó, IE 900 ni a ó mú. Bí a bá ní kí á sùn, a ó mú SE846. Bí a bá ní kí á lọ jẹ́rìí ní kóòtù, ER4SR ni a ó mú lọ.

Ó yẹ kí á dúró níhìn-ín tú irọ́ kan tí a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n mélòó kan. Wọ́n ní nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fún ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìtumọ̀, íápíìsì tí béèsì rẹ̀ kò bá wúwo kò lè sọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Ohùn ọkùnrin a máa gbọ̀n ní bíi 100 sí 150 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifóònù àtijọ́ kò sì gba ohunkóhun tí ó bá rẹlẹ̀ ju 300 lọ kọjá. Síbẹ̀ ta ni nínú àwọn ìyá wa tí ó gbọ́ "ọkọ́" sí "ọkọ" lórí tẹlifóònù? Ohun tí ó fà á ni pé ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Ó ní àwọn ọmọ tí ń tẹ̀ lé e lókè, ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá tilẹ̀ gé bàbá kúrò, ọpọlọ yóò ti ara àwọn ọmọ mọ bàbá.

Ohun tí tẹlifóònù ń jẹ́ kí ó sọnù gan-an wà ní òkè. Kò gba ohun tí ó bá ga ju 3,400 lọ kọjá. Ariwo Ṣ sì bẹ̀rẹ̀ ní bíi 2,500, ṣùgbọ́n ti S wà ní òkè fíofío, ní bíi 5,000 lọ sókè. Ẹ rí i nísinsìnyí pé kì í ṣe béèsì ni yóò yanjú ẹjọ́ "sá ogun" àti "ṣá ogun". Afẹ́fẹ́ tíntín tí ń gba àárín eyín jáde ni, ohun kékeré bẹ́ẹ̀ nínú ohùn ènìyàn ni ó sì di ẹrù baba ńlá odidi ìdílé kan rù. (Àwọn ará Ìbàdàn tí ń sọ Ṣ di S nílé wọn, ẹ forí jì wá, kò sí íápíìsì tí ó lè tún ìyẹn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sì nílò àtúnṣe.)

Ní ti ìrọ̀rùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń polówó ọjà kì í fẹ́ dúró sí. Ohùn kò lè dára nínú íápíìsì tí kò bá dí ihò etí dáadáa. Bí àlàfo bá wà, bí ó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, béèsì yóò sá jáde, ariwo òde yóò sì wọlé, olówó iyebíye náà yóò sì máa dún bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Nítorí náà ìrọ̀rùn àti ohùn kì í ṣe ọ̀ràn méjì. ER4 ń wọlé jìn ju àwọn yòókù lọ, pẹ̀lú rọ́bà olóruka mẹ́ta. Bí ó bá sì ti wọ ibi tí ó yẹ, àwọn tí ó ṣe é sọ pé ó ń dín ariwo òde kù ní dẹ́síbẹ̀lì 35 sí 42. Òótọ́ ni pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Ṣùgbọ́n inú etí kì í ṣe ibi tí a ń gba àlejò sí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ a máa wúkọ́ bí nǹkan bá kan inú ihò etí wọn, àwa náà sì wúkọ́ títí di ọjọ́ kẹrin. Bí a bá jẹ ẹ̀pà, ńṣe ni ó dún bí ọlọ tí a gbé sínú orí wa. Fóòmù tí a fi rọ́pò rọ́bà náà mú ara tù wá díẹ̀. SE846 ń jókòó sínú àwo etí, wáyà rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn etí kọjá, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tóbi, arábìnrin kan ní ọ́fíìsì wa tí etí rẹ̀ kéré kò lè fi í sí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. IE 900 kéré, ó sì fúyẹ́, a gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà kan rí, pẹ̀lú íápíìsì mìíràn tí kò sí lára mẹ́ta yìí, tó láti kọ́ni lọ́gbọ́n. A fa á yọ, rọ́bà rẹ̀ sì kọ̀ láti bá a jáde. Nọ́ọ̀sì kan ni ó fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́, tí ó ń rẹ́rìn-ín wa, tí ó sì ń béèrè bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta ni wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ rọ́bà náà wò kí ẹ tó kì í bọ etí.

Àwọn akọrin tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí rọ́bà tí ó bá gbogbo etí mu. Ní 1995, Jerry Harvey, ẹni tí ń tún ohùn ṣe fún ẹgbẹ́ olórin Van Halen, ṣe irú kan fún Alex Van Halen, onílù wọn: wọ́n da oje rírọ̀ sínú etí, ó gan, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi àwòrán ihò etí ọkùnrin náà gan-an ṣe ilé fún ẹ̀rọ náà. Lónìí, ẹ lè rí àwọn onílù ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Èkó tí wọ́n fi irú rẹ̀ sí etí. Bí a ti ń wọn ẹsẹ̀ kí á tó rán bàtà ni ó rí. Àwa tí a kò rí owó bẹ́ẹ̀ ná, bàtà òkìrìkà ni à ń wọ̀, etí ẹlòmíràn ni wọ́n sì wọ̀n.

Etí ta ni? Ìbéèrè náà nìyẹn. Ihò etí àgbàlagbà gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ó dà bí fèrè tí a dí ní ìdí, a sì máa gbé ohùn tí ń gbọ̀n ní bíi 3,000 ìgbà ga ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá ti fi íápíìsì dí ẹnu fèrè náà, ìgbéga yẹn bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣe íápíìsì ni yóò dá a padà. Báwo ni yóò ti mọ iye tí yóò dá padà? Yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú etí ère. Orí àti àyà àtọwọ́dá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní KEMAR, tí ilé iṣẹ́ Knowles gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972. Ìwọ̀n àwọn àgbàlagbà tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ère, wọ́n tún bi ènìyàn léèrè. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Harman kó olùgbọ́ 238 jọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: Kánádà, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Ṣáínà. Irú èyí tí a ń gbé kọ́ orí ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n láti inú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé fún ti inú etí náà ti jáde wá lẹ́yìn náà. Kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

A mọ̀ pé inú àwọn òǹkàwé wa kan ti ń ru bọ̀. Kí wọ́n ní sùúrù. Ohun tí àwọn ènìyàn náà rí ni pé ohun tí etí fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ó sì ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin etí ọmọ ìyá méjì ní Ìjẹ̀bú lè ju èyí tí ó wà láàrin Ìjẹ̀bú àti Berlin lọ. A kò jà pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ẹjọ́ wa kì í ṣe pẹ̀lú wọn. Àwa tí a ní yunifásítì, tí a ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, tí a sì ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀, kí ni ó dí wa lọ́wọ́ láti wọn etí igba ènìyàn, kí á sì bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n fẹ́? Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ère tí kò gbọ́ ìlù ògìdìgbó rí ni a gbà kí ó máa ṣe adájọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà kò jókòó sunkún lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà tí Harman tẹ̀ jáde kì í ṣe awo. Ẹni tí ó bá mọ̀wé lè kà á. Wọ́n kà á, wọ́n ra ẹ̀rọ ìwọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2021, Moondrop, ilé iṣẹ́ kan ní Chengdu, gbé íápíìsì kan jáde tí ó pè ní Aria, owó rẹ̀ kò sì ju bíi 80 dọ́là lọ. A yá a pẹ̀lú, a sì fi í ṣe ẹ̀kẹrin. Kò gbòòrò tó IE 900, àwọn onílù rẹ̀ sún mọ́ ara wọn jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìlọ́po mẹ́wàá, a ó bi í pé ṣé etí ni ó fi gbọ́ ọ ni, tàbí àpò. Ó le láti dá irú ẹjọ́ yìí láìṣègbè, nítorí pé bí a tilẹ̀ di ojú ẹni, ihò etí ẹni yóò mọ èyí tí wọ́n kì bọ̀ ọ́.

Nígbà tí SE846 kọ́kọ́ jáde, 999 dọ́là ni wọ́n ń tà á. IE 900 ju ìyẹn lọ nígbà tí òun náà jáde. Ní oṣù Keje ọdún 2024 tí Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, dọ́là kan ń lọ ní bíi 1,500 náírà. Ẹni tí ó bá ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù 21 lọ kí ó tó lè ra ohun tí owó rẹ̀ tó 1,000 dọ́là, bí kò bá jẹun, tí kò sì wọ ọkọ̀. Kì í ṣe pé a kórìíra ohun tí ó dára. Bí olówó bá rà á, kí ó fi gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sọ fún olùkọ́ pé kò lè gbọ́ ìlù baba rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbé owó ọdún méjì kalẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn, ìwọ̀sí ni.

Ohun kan wà tí ó tó ohun tí a lè torí rẹ̀ náwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ ITU fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 2019: kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ju dẹ́síbẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ti ọmọdé sì jẹ́ 75. Bí ohùn bá fi dẹ́síbẹ̀lì 3 péré lé sí i, wákàtí náà yóò dín sí ààbọ̀: 83 fún wákàtí 20, 86 fún wákàtí 10, 89 fún wákàtí 5. Olùkọ́ tí ó ń lo íápíìsì tí kò dí etí, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ni yóò ṣe? Yóò máa gbé ohùn sókè títí ti arúgbó náà yóò fi borí ti jẹnẹrétọ̀. Ní ìwọ̀nba ọdún, S àti Ṣ yóò di ọ̀kan náà ní etí rẹ̀ pátápátá, nítorí pé ohùn òkè ni ó ń kọ́kọ́ sá kúrò ní etí tí ariwo ti bà jẹ́. Nítorí náà ni àwa ṣe ka dídí etí sí pàtàkì ju dídán ohùn lọ. Fóòmù tí ó bá etí mu dáadáa lórí íápíìsì 80 dọ́là yóò dáàbò bo etí ju olówó iyebíye tí ń jò lọ.

Olùkọ́ náà wá sí ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan, pẹ̀lú fóònù tí ohùn olóògbé náà wà nínú rẹ̀. A fi íápíìsì tirẹ̀ gbọ́ ọ ní àkọ́kọ́. Òótọ́ ni: ó lè jẹ́ S, ó lè jẹ́ Ṣ, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rín ni arúgbó náà ń rín. A gbé ER4SR wọlé. Ṣ ni a gbọ́. SE846, Ṣ, IE 900, Ṣ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti mọ ohun tí ìdílé náà fẹ́, etí wa kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbára lé. A pe akọ̀wé wa kan tí kò gbọ́ nǹkankan nípa ẹjọ́ náà, a fi Aria olóníyebíye kékeré náà sí i létí, lẹ́yìn tí a ti wá fóòmù tí ó dí i dáadáa, a sì ní kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́. Ó kọ ọ́ sórí páálí sìgá: "ó ṣá ogun". Ó sì fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún un.

Ìmọ̀ràn wa fún olùkọ́ náà ni pé kí ó ra èyí tí owó rẹ̀ jẹ́ 80 dọ́là, kí ó sì fi èyí tí ó kù ra máíkì tí ó dára, nítorí pé ohun tí máíkì kò bá gbà, kò sí íápíìsì tí ó lè bí i. Àwọn onílù mélòó kan ṣì wà láàyè tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbà. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá ni ó gbéra lọ sí ilé àwọn tí ó bínú sí i, ó dì í mọ́ àpò pé kí àwọn àgbà fi íápíìsì náà gbọ́ baba wọn fúnra wọn. Ó kọ̀wé sí wa pé wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ jókòó jẹun ná.